Ọdún Tí Bọ́ọ̀sì Bàámi Ń Rú Èéfín

Ohùn mẹ́ta ló máa ń jí mi nílé wa ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò láàárín àwọn elédè Twi, lọ́dún yẹn. Àkọ́kọ́ ni ìpè àdúrà láti mọ́sáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé. Èkejì ni ọmọrogùn Màámi tó ń lu ìdí ìkòkò kókó, ẹ̀kọ mímu tó ń tà. Ẹ̀kẹta ni bọ́ọ̀sì tí Bàámi fi ń ṣiṣẹ́ tròtrò, iṣẹ́ akérò, tí yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó dáhùn. Kété tó bá ti dáhùn ni èéfín búlúù á tú jáde nídìí rẹ̀, á rọra gbé ara rẹ̀ sókè títí yóò fi ga tó àyà èèyàn, á wá gba orí ìkòkò Màámi kọjá sí títì. Ìgbà yẹn ni ohùn kẹrin máa ń bẹ̀rẹ̀, ohùn àwọn tó ń tò fún kókó, tí wọ́n ń fi Hausa, Twi àti Yorùbá bú wa pa pọ̀. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó ń ra kókó fún ilé rẹ̀ lójoojúmọ́. Á fi etí ìborùn di imú, á ní, "Màámà Ráfíà, kókó yín ti ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe o!" Màámi ò ní gbójú sókè. Á ní, "Ọ́ìlì lò ń gbọ́ òórùn rẹ̀ yẹn. Mi ò sì bu owó rẹ̀ mọ́ tìẹ, máa mu." Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ra kókó wọn. Àmọ́ mo ń rí i pé ẹsẹ̀ wọn ń dín kù. Ìkòkò tó máa ń tán kí oòrùn tó yọ ti wá ń dúró títí a ó fi lọ síléèwé, a sì ń jẹ àṣẹ́kù rẹ̀ lálẹ́.

Ìyá bàbá mi ló ń ṣàkóso ilé náà. Káákà là ń pè é, bí gbogbo ọmọ Zongo ṣe ń pe ìyá àgbà wọn. Òfin méjì ló gbé kalẹ̀ tí kò fi ṣeré. Èkíní jẹ mọ́ àlejò. Ẹni tó bá wọlé wa kò ní fi kọ́ọ̀pù mumi láéláé, àfi abọ́ fàdákà ńlá kan tó ń dán yinrin, tí wọ́n máa bu omi kún títí tí yóò fi máa dà sílẹ̀. Bí omi náà kò bá dà sí ọ lẹ́sẹ̀ bó o ṣe ń gbé e bọ̀, Káákà á ní kó o padà lọ bu omi kún un. Èkejì jẹ mọ́ balùwẹ̀. Balùwẹ̀ kan ṣoṣo la ní, ihò tí omi ń gbà jáde lára ògiri rẹ̀ kò sì ju ẹnu ìgò lọ. Bí èèyàn méjì bá jọ ń wẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń da omi bí ẹní ń paná, ihò náà ò ní lè gbé e. Omi á kún ilẹ̀, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì rẹ ẹní ìkírun Káákà. Ariwo rẹ̀ á sọ láti yàrá: "Ẹ rọra dà á! Ihò yẹn ò lágbára gbogbo yín!" Mo to òfin méjèèjì yìí síbí torí pé àárín wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa bọ́ sí lọ́dún náà.

Báàgì dúdú kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá àwọn òbí mi. Òun ni Bàámi gbé lọ sí Líbíà nígbà tí mo ṣì ń rá, òun náà ló gbé dé. Ọjọ́ tó dé, ẹ̀yìn Káákà ni mo sá sí. Mo ní, "Káákà, ta ni ọkùnrin yẹn?" Màámi sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé gbogbo ilé rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè yẹn, ṣùgbọ́n Bàámi wọ yàrá lọ, kò sì jáde títí dìgbà tí wọ́n pè é fún oúnjẹ. Ohun tó rí mú bọ̀ láti ibẹ̀ ló fi ra bọ́ọ̀sì. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá ibùdókọ̀ ní Kejetia sọ fún un pé láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ọkọ̀ eléèéfín ò gbọdọ̀ tò síbẹ̀ mọ́, gbogbo wa la mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà, Bàámi ń jẹ tùwó, ó ń wo inú abọ́. Ó ní, "Ọkùnrin ará Santasi yẹn ń bọ̀ láàárọ̀ Sátidé. Ó ní òun á rà á bó ṣe wà. Bí mo bá tà á, mo mọ ọ̀nà." Ọ̀nà Líbíà ni, gbogbo wa mọ̀. Màámi dìde, ó ní iyọ̀ ò tó nínú ọbẹ̀. Ọbẹ̀ náà níyọ̀ dáadáa. Nígbà tí mo wọ yàrá wọn lọ́jọ́ kejì, báàgì dúdú ti kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wà nílẹ̀, wọ́n ti nu eruku ara rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí èéfín náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Tọ́bò wà nínú ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì náà. Mo ti bi fítà púpọ̀ léèrè nípa rẹ̀ láti ìgbà náà, ohun tó sì yé mi nìyí. Fáànù méjì ni, tí ọ̀pá irin kúkúrú kan so pọ̀. Èéfín tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì jáde ló ń yí ọ̀kan, ìyẹn á yí èkejì, èkejì á sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè lágbára gun òkè. Ọ̀pá àárín wọn ń yí ju ohun tí ojú lè bá lọ, orí ọ́ìlì ló sì ń léfòó sí. Páìpù tín-ínrín kan ń gbé ọ́ìlì wá láti òkè, ẹ́ńjìnnì ló ń fi agbára tì í. Páìpù gbàǹgbà kan wà nísàlẹ̀ tó ń dá ọ́ìlì náà padà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ti tìsàlẹ̀ yìí. Ńṣe ló ń ṣàn lọ fúnra rẹ̀ bí omi gọ́tà. Bóòtù kan wà lẹ́nu páìpù òkè, wọ́n lu ihò kan sí i nínú tó dà bí ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìdọ̀tí dí ihò náà, tọ́bò wa gbẹ, ó sì kú. Mùsá, fítà tó ń tọ́jú ọkọ̀ náà, bá Bàámi wá tọ́bò mìíràn tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òkèèrè. Ó fọ bóòtù náà mọ́, ó gbé e lé Bàámi lọ́wọ́, ó ní òun ń bọ̀ wá so ó lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀sán Jímọ̀ lọ́jọ́ náà. Bàámi ti ìrun dé, ó jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, èmi ni mo bá a mú ìdérí ìkòkò tó fi ń ṣe tábìlì. Ó gbé bóòtù náà sójú oòrùn, ó wo inú ihò náà pẹ́. Ó ní, "Ráfíà, wò ó. Ṣé ibi tí èèyàn lè gbà mumi yó nìyí? Òǹgbẹ ló pa ti àkọ́kọ́. Èyí tó ń bọ̀ yìí, àlejò ni, òkè òkun ló ti wá. Ó gbọ́dọ̀ mu yó." Ó lọ yá dírììlì ọlọ́wọ́ lọ́dọ̀ káfíńtà, ó sì fẹ ihò náà títí tí igi ìṣáná fi lè gbà á kọjá. Èérún irin tó ń dán bíi wúrà ń bọ́ sórí ìdérí ìkòkò, mo ń kó wọn jọ. Nígbà tó parí, ó fi ìka kan ètè. "Ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú ẹ nìyí o. Mùsá ò nílò kó gbọ́." Mo fọwọ́ lé àyà, mo ṣèlérí pé mi ò ní sọ. Inú mi dùn pé bàbá tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ní ohun kan tó jẹ́ tèmi pẹ̀lú rẹ̀ nìkan.

Mùsá so tọ́bò náà, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀. Mùsá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ó pààrọ̀ àwọn ríìngì inú rẹ̀, ó dì í padà, èéfín ò lọ. Ó tún un tú, kò lọ. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, Bàámi dúró láàárín ilé, ó sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé Mùsá ò mọ iṣẹ́, pé ó ti ba ẹ́ńjìnnì òun jẹ́. Mùsá kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Baba Ráfíà, ẹ ṣé," ó sì lọ. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí tèmi. Mo bi Káákà ohun tó ń fa èéfín. Ó ní àlùjànnú kan ló ń mu tábà nínú ibẹ̀, kí n má ṣe bá a sọ̀rọ̀. Mo bi obìnrin tó ń ra kókó wa yẹn. Ó ní ìwà bàbá mi ló ń jó. Mo wá so àkísà funfun mọ́ ìdí ọkọ̀, mo ń wò ó, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé iléèwé mi: láàárọ̀ tó tutù, èéfín pọ̀, lọ́sàn-án tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ó kéré. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo kàn ń kọ ọ́ ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé ará Santasi, iléèwé ti gba ìsinmi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàámi méjì jọ wọ balùwẹ̀, omi tún yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Káákà tún pariwo rẹ̀. Èmi ni mo nu ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàámi ní kí n wọ ọkọ̀, ká lọ gbìyànjú lọ́dọ̀ Wòfà fún ìgbà ìkẹyìn. Àgbà fítà ni Wòfà ní Suame, níbi tí ṣọ́ọ̀bù fítà kún lọ súà. Gbogbo èèyàn ló ń pè é ní Wòfà bí ẹni pé àbúrò ìyá gbogbo ìlú ni. Twi lòun àti Bàámi ń sọ, èmi ni mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá. Bó ṣe rí wa lókèèrè ló ti ń fi Bàámi ṣẹ̀fẹ̀. "Alatani, ará Nàìjíríà mi, èéfín rẹ ti ń kí mi láti títì kí ìwọ tó dé!"

Wòfà ṣe é bí dókítà. Ó tú páìpù afẹ́fẹ́, ó fi ìka nù ún nínú, ọ́ìlì bò ó dé oríkèé. Ó tú páìpù gbàǹgbà ìsàlẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò dí. Ó so géèjì mọ́ ẹ́ńjìnnì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró síbi tó yẹ kó dúró. Ó fọwọ́ kan orí bóòtù náà, ó ní, "Èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ni," ó fi í sílẹ̀. Ó nu ọwọ́. "Ẹ́ńjìnnì rẹ ò lẹ́bi. Ẹni tó ṣe ríìngì rẹ̀ mọ iṣẹ́. Inú tọ́bò ni ọ́ìlì ti ń sá wọ inú sàlẹ́ńsà, ibẹ̀ ló ti ń jó. Mo mọ ibi tó ń gbà jáde, mi ò mọ ohun tó ń lé e. Bóyá tọ́bò yìí náà ti kú. Ra òmíràn, tàbí kó o tà á." Bàámi ní, "Màá tà á. Ó ti tó."

Mo rí báàgì dúdú lójú mi. Mo rí ìka Bàámi lórí ètè rẹ̀ náà. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ, mi ò sì fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí n má béèrè. Mo ní, "Wòfà, ẹ jọ̀wọ́. Bí ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọlé bá tóbi jù, ṣé ihò tó ń gbà jáde á lè gbé e?"

Wòfà yíjú sí mi. "Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?"

"Balùwẹ̀ wa ni, sà. Bí omi bá pọ̀ jù, abẹ́ ilẹ̀kùn ló ń gbà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo tọ́bò, ó wo bóòtù, ó wo Bàámi. Ó ní, "Alatani, ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ihò yìí?" Mo tẹjú mọ́ sálúbàtà mi. Mo gbọ́ ohùn Bàámi. "Èmi ni. Èmi ni mo fẹ̀ ẹ́. Mo rò pé kó lè mu yó ni."

Wòfà tú bóòtù náà, ó gbé e sókè, ó sì rí ojú ọ̀run gba inú ihò rẹ̀. Ó jókòó sórí táyà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ nù. "Àwọn Alata! O bu omi àlejò fún tọ́bò! Ó mu ún, ó mu ún, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bì!" Ó fi ọwọ́ ṣàlàyé fún mi pé ọ̀pá inú tọ́bò ò fẹ́ ju kí ara rẹ̀ rọ̀ lọ. Bí ọ́ìlì bá wọlé tagbáratagbára ju bí páìpù ìsàlẹ̀ ṣe lè gbé e, á kún inú rẹ̀, á sì gba etí ọ̀pá náà sá jáde. Láàárọ̀ tí ọ́ìlì ṣì tutù, tó ki, agbára rẹ̀ pọ̀ jù, ìsàlẹ̀ sì ń lọ́ra láti gbé e. Ìdí nìyẹn tí kókó Màámi fi ń jẹ ìyà rẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni rí ohun tó sọ nù. Ìwé mi ò parọ́. Wòfà wá dìde. "Irin dírììlì tó tín-ínrín tó bẹ́ẹ̀, mi ò ní i. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní i ládùúgbò yìí. Mùsá ni."

Bàámi lọ fúnra rẹ̀. Mo bi Mùsá lọ́dún tó kọjá ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Ó ní, "Bàbá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, kò wọlé. Ó ní, 'Mùsá, èmi ni mo bà á jẹ́, mo wá dá ẹ lẹ́bi lójú gbogbo ilé. Má bínú.' Mo ní ṣé ó lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ilé náà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ni mo bá mú irin mi." Àwọn méjèèjì jọ rìn bọ̀. Wòfà fi iná gáàsì yọ́ bàbà dí ihò náà pátápátá. Mùsá fi irin rẹ̀ lu tuntun, ó dà bí ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n so géèjì mọ́ ẹnu tọ́bò, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Abẹ́rẹ́ géèjì gbé orí díẹ̀, ó jókòó. Wòfà ní, "Òǹgbẹ á pa èyí." Mùsá tún un tú, ó fi irin kan náà yí i lẹ́ẹ̀kan péré bí ẹní ń nu etí ọmọ, wọ́n dì í padà. Abẹ́rẹ́ náà gòkè ju ti tẹ́lẹ̀. "Dúró níbẹ̀," ni Wòfà sọ fún un, bí ẹni pé abẹ́rẹ́ náà ń gbọ́.

Èéfín ṣì ń jáde. Ojú Bàámi rẹ̀wẹ̀sì. Wòfà ní ọ́ìlì àtijọ́ tó ti ṣàn sínú sàlẹ́ńsà ló kù tó ń jó, kí a gbé ọkọ̀ náà rìn títí yóò fi jó tán. A gbé e dé Santasi, a sì padà. Mo kúnlẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn, imú mi lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Èéfín ń fẹ́lẹ́, ó ń fẹ́lẹ́, nígbà tó yá mi ò rí i mọ́. Bàámi ń béèrè láti iwájú: "Ṣé ó ṣì kù?" Mo ní, "Kò kù." Àmọ́ ohun tí ìwé mi sọ wà lọ́kàn mi. Ọ̀sán ni. Ọ̀sán kì í mú ẹjọ́ wá. Àárọ̀ ni adájọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, kò sẹ́ni tó sọ pé òun wá wo ọkọ̀. Káákà kàn gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborùn funfun borí. Mùsá kàn ń kọjá lọ ni. Màámi gbé ìkòkò kókó rẹ̀ sí ibi tó ń gbé e sí gan-an, kò sún un ní ìka kan, ó sì ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀. Kí Bàámi tó wọ ọkọ̀, ó dúró láàárín ilé. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Mùsá ò ba nǹkan kan jẹ́. Èmi ni mo fẹ ihò tí wọn kì í fẹ̀. Mo sì parọ́ mọ́ ọn." Káákà ní, "A ti gbọ́. Tàn án, ká rí i." Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó dáhùn. Èéfín kékeré kan yọ, kò tó èyí tó ń jáde lẹ́nu ẹni tó ń mu sìgá. Ó tú ká kó tó dé ìkòkò. A ń retí èyí tó kù. Kò sí èyí tó kù. Obìnrin tó ń ra kókó wa yẹn mú ìborùn kúrò nímú, ó gbóòórùn afẹ́fẹ́, ó ní, "Màámà Ráfíà, ẹ má ṣe fi owó kún un o."

Ọkùnrin ará Santasi dé nígbà tí oòrùn ti yọ. Ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún, ó lọ bẹ̀rẹ̀ nídìí rẹ̀, ó dìde, ó ní òun á fi kún ohun tí òun sọ tẹ́lẹ̀. Bàámi fún un lómi. Abọ́ ńlá Káákà ni, ó kún dé ẹnu, ó ń dà sí i lẹ́sẹ̀ bó ṣe ń mu ún. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún un pé òun ò tà á mọ́.

Bàámi ti darúgbó báyìí. Bí mo bá bi í, á ní òun ti fẹ́ sọ ọ́ fún Wòfà kí n tó lanu. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ní ti Màámi, ohun tí mo rí ni mo mọ̀. Ọ̀sán Sátidé náà, ó wọ yàrá, ó gbé báàgì dúdú jáde, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ó gbọn yanrìn Líbíà jáde nínú rẹ̀. Ó wá da àgbàdo kókó sí i, ó gbé e rù, ó gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń gbé e lọ lẹ́yìn náà, títí ìdí báàgì náà fi já.